Yíya Máàpù Ibùgbé Etí Òkun Láti Òfurufú: Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

ỌmọỌ̀sà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú àwùjọ yìí. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń dáàbò bo ọ̀sà tó ṣí sínú òkun ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Igbó ẹ̀gbà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mangrove, wà lápá kan ọ̀sà náà. Àbàtà omi iyọ̀ tí koríko bò wà lápá kejì. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹrẹ̀ tó máa ń hàn síta nígbà tí omi bá fà wà láàárín. Koríko abẹ́ omi sì wà lẹ́bàá ẹnu òkun, níbi tí omi ti mọ́ díẹ̀. A fẹ́ ya máàpù tí yóò fi hàn wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí a lè tún un yà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí a sì mọ ohun tó ti yí padà. Owó ọwọ́ wa kò lè gbé ju àkókò ìfò kan ṣoṣo lọ. Ilé iṣẹ́ kan ní kí a lo kámẹ́rà tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele tó lé ní ọgọ́rùn-ún, òmíràn ní lidar, ẹ̀rọ tó ń fi lésà wọn gíga ilẹ̀ àti igi láti òkè, ló dára jù, àwa náà sì ní dúróònù tiwa. Èwo ni kí a mú, ìgbà wo ni kí a fò, báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni máàpù tí wọ́n bá kó lé wa lọ́wọ́?

OlùkàwéÌmọ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ náà, àbúrò wa. Kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, ẹ kọ orúkọ gbogbo oríṣi ibùgbé tí ẹ fẹ́ rí lórí máàpù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bí èyí tó kéré jù lọ tí ẹ kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín ṣe tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí igbó ẹ̀gbà parí sí kò nílò ohun tí ẹni tó fẹ́ ya oríṣi igi ẹ̀gbà kan sọ́tọ̀ lára òmíràn nílò. Bí ẹ bá fi ìwé yẹn síwájú àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ wọn yóò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti sọ fún yín.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ etí òkun le ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í hùwà bákan náà lórí ilẹ̀ àti nínú omi. Ewé tútù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sínú, ó sì máa ń dá infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní nǹkan bí 700 nánómítà, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ni ìyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí igbó ẹ̀gbà àti koríko àbàtà yọ kedere lára ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Ṣùgbọ́n omi ń gbé infrared mì kíákíá, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ń padà wá bí omi bá ti jìn ju mítà kan lọ. Nínú omi tó mọ́ gaara, pupa kì í mú ìròyìn wá mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí mítà 5, àwọ̀ ewé lè dé nǹkan bí mítà 15, búlúù ló sì ń lọ jìnnà jù, tó fi lè tó mítà 30. Nínú omi ọ̀sà tí ẹrẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́, gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí yóò dín kù gidigidi. Nítorí náà, ohun tí a fi ń dá igbó mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a fi ń dá koríko abẹ́ omi mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà kan náà ló ya méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Láti òní lọ, ẹ máa sọ àwo Secchi sínú omi ọ̀sà yín ní oríṣiríṣi ibi àti oríṣiríṣi àkókò, ìyẹn àwo tí a so mọ́ okùn, tí a ń wò títí a ó fi dẹ́kun rírí i. Owó tí yóò ná yín kò tó nǹkan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá a tilẹ̀ lè rí koríko yín láti òkè.

OjúLẹ́sà

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa àwo Secchi, nítorí pé òun náà ni a fi ń mọ ibi tí agbára lidar mọ. Oríṣi lidar méjì ló wà, kí ẹ sì rí i dájú pé ilé iṣẹ́ náà sọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbé wá fún yín. Èyí tó wọ́pọ̀ ń lo lésà infrared, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà ní 1064 nánómítà. Kì í wọ inú omi. Èkejì ń lo lésà àwọ̀ ewé, ní 532 nánómítà, òun sì ni ó lè dé ìsàlẹ̀ omi. Ní gbogbogbòò, kì í lọ jìnnà ju ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n tí ẹ bá rí pẹ̀lú àwo Secchi.

Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ìgbà kan ṣoṣo tí a yin lésà àwọ̀ ewé sínú omi, ẹ ó rí òkè méjì lórí ìlà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó padà wá hàn. Èyí àkọ́kọ́ ni ti ojú omi. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà náà yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí omi ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, kí òkè kejì, tó kéré sí ti àkọ́kọ́, tó yọ láti ìsàlẹ̀. Àkókò tó wà láàárín òkè méjèèjì ni a fi ń ṣírò bí omi ṣe jìn tó. Níbi tí omi bá ti jìn jù tàbí tó dọ̀tí, òkè kejì kò ní sí mọ́. Níbi tí kò bá sì ti jìn rárá, òkè méjèèjì yóò wọnú ara wọn, ó sì máa ń ṣòro láti yà wọ́n. Ní ọ̀sà bíi ti yín, ibi tí omi kò ti jìn yìí gan-an ló pọ̀ jù, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún àbàtà pẹ̀lú. Koríko àbàtà máa ń ki bí irun orí tí a kò yà, lésà kì í sì í lè kọjá láàárín rẹ̀ dé ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn yóò kó fún yín gẹ́gẹ́ bí ojú ilẹ̀ lè ga ju ti òótọ́ lọ, láti sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ títí dé nǹkan bí 25, oríṣi koríko kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n àṣìṣe tirẹ̀. Lórí òkè gíga, èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Nínú àbàtà, ìyàtọ̀ gíga tó wà láàárín ibi tí oríṣi koríko kan ń hù àti ibi tí òmíràn ń hù lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi GPS tó péye dé sẹ̀ǹtímítà wọn gíga ilẹ̀ láàárín oríṣi koríko kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi yọ àṣìṣe náà kúrò.

Ibi tí lidar ti ń fọba lé e ni igbó ẹ̀gbà, nítorí pé ó ń wọn gíga igi àti bí ìbòrí ewé ṣe ki tó. Àwọn onímọ̀ NASA fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fò lórí igbó ẹ̀gbà gúúsù Florida kí ìjì Irma tó jà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 àti lẹ́yìn tó jà, wọ́n sì fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì mọ ibi tí ìbòrí igbó ti wó lulẹ̀. Àwòrán lásán kò lè sọ ìyẹn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Olùṣọ́Ìkún

Àkókò tí ẹ bá fò ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tí ẹ bá gbé lọ, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ èyí. Ẹ wo iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ òkun ti Virginia ti ń ṣe lórí koríko abẹ́ omi Chesapeake Bay ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán inú bàálù tí ènìyàn fi ojú kà ni wọ́n gbára lé, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn fìdí múlẹ̀ nítorí òfin ìfò wọn. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 20 sí 40 lókè ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé. Wọn kì í fò ju ìṣẹ́jú 90 lọ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà tí omi bá fà tán. Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ le, omi kò gbọ́dọ̀ rú, àsìkò tí koríko pọ̀ jù lọ ni wọ́n sì ń yàn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bo ìdá 60 nínú 100 èyí tó tẹ̀ lé e, kí ojú omi tó ń dán lójú kan lè hàn kedere nínú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìdán ojú omi yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí a fi ń yọ ọ́ kúrò: níwọ̀n bí omi jíjìn kì í ti í dá infrared padà, infrared yòówù tí a bá rí níbẹ̀ ni a kà sí ìdán, a ó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ yọ èyí tó wà nínú àwọn àwọ̀ yòókù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí omi jíjìn. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti fà tí ewé koríko sì léfòó dé ojú omi, ewé náà fúnra rẹ̀ ń dá infrared padà; kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ìdán, yóò sì pa koríko tí ẹ ń wá rẹ́ kúrò lórí àwòrán. Ẹ kúkú yẹra fún ìdán láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tó ń ya ilẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ sọ fún awakọ̀ kó máa fò lọ síhà oòrùn tàbí kó kẹ̀yìn sí i, kó má ṣe dábùú rẹ̀.

ỌmọỌ̀sà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́Ìkún, ohun kan ń dà mí láàmú nínú ọ̀rọ̀ yín. Nígbàkúùgbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ọ̀sán gangan ni omi wa máa ń fà jù lọ, oòrùn á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí. Ṣé oṣù mìíràn ni kí a dúró dè ni?

Olùṣọ́Ìkún

Rárá o, oṣù mìíràn kò ní yí i padà. Ìkún àti ìfà tó tóbi jù lọ máa ń wáyé nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, tí òun, oòrùn àti ayé wà lórí ìlà kan. Nítorí pé ipò òṣùpá sí oòrùn ló ń mú un wá, bíi wákàtí kan náà ni ìfà ńlá máa ń bọ́ sí níbì kan náà, láti oṣù dé oṣù. Àwọn ibì kan wà tí ìfà ńlá wọn ń bọ́ sí òwúrọ̀ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn mìíràn sì wà bíi ti yín.

Ẹ sá fún ọjọ́ àrànmọ́jú fúnra rẹ̀. Níbi tí òkun bá ti ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àkókò ìfà ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ àrànmọ́jú, á jẹ́ pé ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni omi yóò fà tán. Kò ní fà tó ti ọjọ́ àrànmọ́jú, ṣùgbọ́n oòrùn yóò ṣì wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ àárọ̀ náà kì í sábà le. Ẹ lo ọjọ́ wọ̀nyẹn fún koríko abẹ́ omi. Ọjọ́ àrànmọ́jú kò ṣòfò o: pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹrẹ̀ yóò hàn síta pátápátá, oòrùn ọ̀sán sì dára fún igbó àti àbàtà nítorí pé òjìji igi kò ní gùn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìgbà méjì ni bàálù yóò gbéra láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀, ẹ dúró kí ẹrẹ̀ tó gbé wọ inú ọ̀sà rì sílẹ̀ ná.

Aṣèṣirò

Lórí kámẹ́rà tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpele, èmi wà lára àwọn tó gbà pé owó rẹ̀ tọ́. Ní erékùṣù Turks and Caicos ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ CASI, láti inú bàálù, ya òkìtì iyùn, koríko abẹ́ omi àti iyanrìn. Nígbà tí wọ́n pín ibùgbé sí ọ̀nà wẹ́wẹ́, ìpéye máàpù náà tó ìdá 81 nínú 100, nígbà tí ti àwọn sátẹ́láìtì ìgbà náà kò tó ìdá 40. Láàárín ọdún 2016 àti 2017, NASA gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, tó ń jẹ́ PRISM, lọ sí òkìtì iyùn Hawaii, Palau, Mariana àti Great Barrier Reef. Lẹ́yìn tí epo tú sínú òkun ní Gulf of Mexico ní oṣù kẹrin ọdún 2010, kámẹ́rà AVIRIS, tó ní ìpele 224, ni a fi mọ ibi tí epo ti bo koríko àbàtà Louisiana, nítorí pé epo ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè 1700 àti 2300 nánómítà. Kò sí kámẹ́rà lásán tó lè rí ìyẹn.

OlùkàwéÌmọ́lẹ̀

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Aṣèṣirò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un kí ọmọ wa má bàa ná owó sí ibi tí kò yẹ. Ní Turks and Caicos, kì í ṣe iye ìpele nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Píksẹ́lì CASI, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ nínú àwòrán, jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, ti sátẹ́láìtì Landsat sì jẹ́ mítà 30. Òkìtì iyùn tó fẹ̀ tó yàrá kan kò lè hàn nínú píksẹ́lì mítà 30, bó ti wù kí ìpele pọ̀ tó. Ti Louisiana jẹ́ ọ̀ràn tó nílò ìpele púpọ̀ ní tòótọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ní àmì tó tẹ́ẹ́rẹ́. Oríṣi ibùgbé mẹ́rin tí ỌmọỌ̀sà dárúkọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà oníwọ̀n mẹ́rin, búlúù, àwọ̀ ewé, pupa àti infrared, tí píksẹ́lì rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ, tí a sì gbé fò ní wákàtí tó tọ́, yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi san fún iṣẹ́ orí ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ oríṣi igi ẹ̀gbà tàbí bí ìlera koríko ṣe rí, nígbà náà ni mo máa bá yín sọ pé kí wọ́n gba kámẹ́rà ńlá.

Aṣèṣirò

Mo gbà fún yín lórí oríṣi mẹ́rin yẹn. Ohun tí n kò lè gbà ni kí wọ́n dá ìpéye máàpù mọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ká ní ìdá 90 nínú 100 ọ̀sà náà jẹ́ omi àti iyanrìn. Máàpù tó bá sọ pé koríko kò sí níbẹ̀ rárá yóò ṣì gba ìdá 90. Ẹ bèèrè fún tábìlì tó fi oríṣi ibùgbé kọ̀ọ̀kan hàn: nínú gbogbo ibi tí koríko wà lóòótọ́, mélòó ni máàpù rí? Nínú gbogbo ibi tí máàpù pè ní koríko, mélòó ni koríko wà lóòótọ́? Ìdáhùn méjèèjì kì í jọra, ẹ sì nílò àwọn méjèèjì. Ó kéré tán, ẹ ní ibi àyẹ̀wò 50 fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì jẹ́ lára èyí tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe dá oríṣi ibùgbé mọ̀.

ÌyáKoríko

Ẹ ṣeun tí ẹ dé orí iṣẹ́ ilẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni máàpù ti ń di òótọ́ tàbí irọ́. Gbogbo ohun dúdú tí ẹ bá rí nínú omi láti òkè kọ́ ni koríko. Ó lè jẹ́ ibi tó jìn, ó lè jẹ́ ewédò tí ìgbì gbá jọ, ó lè jẹ́ ewé òkú tó rì, ó sì lè jẹ́ òjìji ìkùukùu. Ẹ gbé férémù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ omi, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ dáadáa. Ewé ọ̀dọ́ tó wà nídìí máa ń tutù yọ̀yọ̀; ṣóńṣó ewé tó ti gbó ni ewédò wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ máa ń bò títí yóò fi pọ́n bí ẹrẹ̀. Ṣóńṣó yẹn ni kámẹ́rà ń rí láti òkè, kì í ṣe ìdí tó tutù. Ẹ kọ ìdá tí koríko bò nínú férémù sílẹ̀, ẹ kọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, bí omi ṣe jìn tó, àti aago tí ẹ débẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

GPS inú fóònù lè fi mítà 3 sí 5 ṣì yín lọ́nà. Bí píksẹ́lì yín bá jẹ́ ìdajì mítà, àmì tí ẹ fi sí etí koríko lè bọ́ sórí iyanrìn, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ́ pé iyanrìn ni a ń pè ní koríko. Àárín ibi tí ohun kan náà ti tẹ́ lọ ni kí ẹ ti mú àwọn àmì ìkọ́ni. Ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ tí bàálù fò, kí ìjì kan má bàa ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ má kàn lọ sí ibi tó rọrùn fún ọkọ̀ ojú omi láti dé. Ibi tí apẹja nìkan mọ ọ̀nà ibẹ̀ wà lórí máàpù náà pẹ̀lú, ẹ sì bẹ àwọn apẹja wọ̀nyẹn kí wọ́n bá yín lọ.

AfòDúróònù

Dúróònù yín wúlò gan-an láàárín férémù àti bàálù. Ẹ fi ya àwọn ibi díẹ̀ tí ẹ yàn, píksẹ́lì rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ẹ ó sì lè ka ìdì koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbìyànjú láti fi bo gbogbo ọ̀sà: sọ́fítíwià tó ń so àwòrán pọ̀ ń wá àmì tó jọra nínú àwòrán méjì, ojú omi gbalasa kò sì ní irú àmì bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò kàn já ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán náà ṣírò bí omi ṣe jìn tó, ẹ rántí pé omi ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ sì máa ń dà bíi pé ó súnmọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Níbi tí kámẹ́rà bá ti wo ilẹ̀ tààrà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí di ìlọ́po 1.34.

OníẸyẹ

Mo bẹ̀ yín, ẹ bèèrè ibi tí àwọn ẹyẹ omi ń yé sí àti ibi tí wọ́n ń sùn sí nígbà tí omi bá kún, kí ẹ má ṣe gbé dúróònù kọjá lórí wọn. Bí ẹyẹ bá fò kúrò lórí ẹyin nínú oòrùn, kò pẹ́ tí ẹyin náà fi ń bàjẹ́.

ỌmọỌ̀sà

A ó gba kámẹ́rà oníwọ̀n mẹ́rin, a ó sì gbéra lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe wí. Ó ku ìbéèrè kan: nígbà tí a bá tún un yà lọ́jọ́ iwájú, báwo ni a ó ṣe mọ ìyípadà òótọ́ yàtọ̀ sí àṣìṣe?

Aṣèṣirò

Ẹ bá àṣìṣe méjèèjì ṣírò pọ̀. Bí máàpù kọ̀ọ̀kan bá lè ṣi ààlà koríko gbé ní mítà 2, àṣìṣe àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.8, ààlà tó bá sún ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ má pe èyí tó kéré sí i ní ìyípadà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé bí máàpù méjèèjì bá péye dé ìdá 85 nínú 100, tí àṣìṣe ọ̀kan kò sì bá ti èkejì tan, ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ sọ òótọ́ kò ju nǹkan bí ìdá 72 lọ. Èyí ló fà á tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé iṣẹ́ náà yóò kó àwòrán tí a kò tíì tún ṣe fún yín pẹ̀lú máàpù, àti àkọsílẹ̀ ibi tí bàálù wà àti bó ṣe tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ gíga omi, ìwọ̀n àwo Secchi àti ipò oòrùn ọjọ́ náà mọ́ ọn. Ẹni tó bá máa tún un yà yóò lè yan ọjọ́ tó jọ ti yín, yóò sì lè fi ọ̀nà ìṣirò kan náà ka àwòrán méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀.